Òbí tó ń wá ìrànlọ́wọ́: irú èwo gan-an ló nílò?

Bí òbí kan bá sọ lónìí pé ọmọ títọ́ ti fẹ́ pa òun, ohun tí yóò kọ́kọ́ gbọ́ ni pé kí ó wá ìrànlọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ náà dára, ṣùgbọ́n kò tíì sọ nǹkan kan. Ìrànlọ́wọ́ lọ́dọ̀ ta ni? Láti ṣe kí ni? Ṣé ẹni tí yóò gbé ọmọ fún wákàtí méjì kí ìyá lè sùn ni, àbí ẹni tí yóò jókòó gbọ́ ohun tó wà lọ́kàn bàbá láìdá a lẹ́jọ́, àbí dókítà tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò? Ọ̀pọ̀ òbí ló ń ké fún ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyí tí à ń fún wọn ní òmíràn, pàápàá ìmọ̀ràn, torí ìmọ̀ràn kì í ná ẹni tó ń fúnni ní nǹkan kan. Nígbà tí ìmọ̀ràn náà kò bá mú kí ara tù wọ́n, wọ́n á gbà pé àwọn fúnra wọn ni kò kúnjú ìwọ̀n. Mo fẹ́ tú ọ̀rọ̀ yìí palẹ̀ fún wọn, àti fún ẹnikẹ́ni tó ń gbé nítòsí wọn.

Kí ló mú kí ẹrù náà wúwo tó báyìí?

Àwọn àgbà máa ń bi òbí ayé ìsinsìnyí pé, “Ṣebí àwa náà tọ́mọ, kí ló wá le níbẹ̀?” Ìbéèrè tó tọ́ ni, ó sì ní ìdáhùn. Ní ọdún 2016, àwọn onímọ̀ méjì, Giulia Dotti Sani àti Judith Treas, gbé ìwádìí jáde lórí bí òbí ṣe ń lo àkókò wọn ní orílẹ̀-èdè 11 ní Yúróòpù àti Àríwá Amẹ́ríkà. Ní 1965, ìyá ń fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 54 lójúmọ́ mójú tó ọmọ ní tààràtà. Nígbà tó fi di 2012, ó ti di ìṣẹ́jú 104. Ti bàbá gòkè láti ìṣẹ́jú 16 sí 59. Láàárín àwọn ọdún kan náà yẹn ni iṣẹ́ ìta àwọn ìyá ń pọ̀ sí i. A ò yọ iṣẹ́ kan kúrò ká tó gbé òmíràn dé. Orí ara wọn la tò wọ́n sí.

Ohun tí à ń retí lọ́wọ́ òbí náà ti yí padà. Nígbà kan, bí ọmọ bá yó, tí ara rẹ̀ mọ́, tó ń lọ sílé ìwé, tó sì mọ ọmọlúàbí, òbí ti ṣe tirẹ̀. Lónìí, a ní kó mọ bí ọpọlọ ọmọ ṣe ń dàgbà, kó máa ṣọ́ ohun tó ń wò lórí fóònù, kó bá a ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, kó mọ ìgbà tí ẹkún rẹ̀ jẹ́ ti ọmọdé lásán àti ìgbà tó jẹ́ àmì nǹkan mìíràn, kó má pariwo mọ́ ọn, kó má sì kẹ́ ẹ bàjẹ́. Púpọ̀ nínú nǹkan wọ̀nyí ló ṣe ọmọ láǹfààní, mi ò sì ní ká padà sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni gbogbo wọn, iṣẹ́ sì ń fẹ́ ọwọ́.

Ọwọ́ ọ̀hún gan-an ló ń dín kù. Ẹnìkan ló ń bímọ, igba ènìyàn ló ń bá a tọ́ ọ: òwe tí gbogbo wa mọ̀ nìyẹn, ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì sì gbà bẹ́ẹ̀. Sarah Blaffer Hrdy, onímọ̀ nípa ìran ènìyàn ní Amẹ́ríkà, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣàlàyé pé ọmọ ènìyàn kì í ṣe ẹ̀dá tí ìyá nìkan, tàbí ìyá pẹ̀lú bàbá nìkan, lè tọ́ yanjú. Ó máa ń pẹ́ jù kó tó lè bọ́ ara rẹ̀. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni ìyá àgbà, ẹ̀gbọ́n, àbúrò òbí àti àwọn ará ilé mìíràn ti ń pín nínú iṣẹ́ náà. Bí òbí bá wá ṣí lọ síbi tí kò ti mọ ẹnikẹ́ni nítorí iṣẹ́, tí ìyá àgbà wà lọ́nà jíjìn tàbí tí òun náà ṣì ń ṣiṣẹ́, tí àwọn aládùúgbò kò sì mọ orúkọ ara wọn, iṣẹ́ orí ọmọ náà kò dín kù. Igba ènìyàn ló dín kù di méjì, tàbí ẹyọ kan ṣoṣo.

Ìwádìí kan tó jáde ní 2021 fi èyí hàn kedere. Isabelle Roskam àti Moïra Mikolajczak ti Yunifásítì Louvain ní Bẹ́ljíọ̀mù, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn káàkiri ayé, wádìí ọ̀rọ̀ lẹ́nu òbí tó lé ní 17,000 ní orílẹ̀-èdè 42, kí wọ́n lè mọ ibi tí okun òbí ti ń tán jù. Àṣà kí kálukú máa dá gbé ẹrù tirẹ̀ ló jáde bí ohun tó wúwo jù. Ó wúwo ju àìdọ́gba ọrọ̀ láàárín orílẹ̀-èdè lọ, ó sì wúwo ju iye ọmọ tó wà nínú ilé lọ. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2024, Vivek Murthy, tó jẹ́ olórí dókítà ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà nígbà náà, gbé ìkìlọ̀ jáde lórí másùnmáwo àwọn òbí. Ìdá 48 nínú ọgọ́rùn-ún òbí ló sọ pé ní ọ̀pọ̀ ọjọ́, másùnmáwo bo àwọn mọ́lẹ̀ pátápátá. Láàárín àwọn àgbàlagbà yòókù, ìdá 26 ni. Ọ́fíìsì yẹn kan náà ló kìlọ̀ fún ará ìlú nípa sìgá ní 1964. Wọn kì í fi irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣeré.

Àwọn onímọ̀ Louvain yìí ní àwòrán kan tó yé mi dáadáa: òṣùwọ̀n alápá méjì. Ohun tó ń fa okun òbí wà lápá kan, ohun tó ń dá okun padà wà lápá kejì. Wíwà tí ẹrù wà nìkan kọ́ ló ń ba òbí jẹ́. Kí apá kan máa wúwo ju èkejì lọ fún ìgbà pípẹ́ ni. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú níbẹ̀ ni pé ọ̀nà méjì ló wà láti tún un ṣe. A lè fi nǹkan kún apá tó fúyẹ́, a sì lè gbé nǹkan kúrò ní apá tó wúwo. Ọ̀pọ̀ òbí ń gbìyànjú ti àkọ́kọ́ nìkan, wọ́n á máa wá àyè ìsinmi láàárín iṣẹ́ tí kò ṣeé ṣe tán. Ẹ̀tọ́ yín ni láti gbé nǹkan kúrò. Ilé tí kò mọ́ tó bẹ́ẹ̀ kò pa ọmọ kankan rí. Ọmọ tí kò lọ sí ẹ̀kọ́ àfikún mẹ́ta lọ́sẹ̀ kò pàdánù ìgbà èwe rẹ̀.

Nǹkan mẹ́ta tí à ń pè ní “ó ti rẹ̀ mí”

Kí a tó mọ ibi tí a ó ti wá ìrànlọ́wọ́, ó yẹ ká mọ ohun tó ń ṣe wá. Nǹkan mẹ́ta ló ń fara pamọ́ sábẹ́ gbólóhùn kan yìí, ìtọ́jú wọn kò sì dọ́gba.

Àárẹ̀ fúnra rẹ̀ wà. Ọmọ kò jẹ́ ká sùn, iṣẹ́ pọ̀, ara ń ro. Ohun tí a fi ń dá a mọ̀ ni pé bí ẹ bá rí oorun sùn dáadáa fún alẹ́ bíi mélòó kan, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀ sípò. Inú yín ṣì ń dùn bí ọmọ bá rẹ́rìn-ín. Irú àárẹ̀ yìí kò nílò dókítà, ọwọ́ ló nílò.

Ìkejì le ju bẹ́ẹ̀ lọ, òun ni Roskam àti Mikolajczak ń ṣèwádìí lé lórí: ìtánlókun òbí. Àmì mẹ́rin ni wọ́n là sílẹ̀. Àárẹ̀ ti wọ egungun, débi pé mímọ̀ tí òbí mọ̀ pé ilẹ̀ ń mọ́ bọ̀ àti pé ọmọ máa tó jí ti tó láti mú ara rẹ̀ wúwo. Ó ń rí i pé òun kì í ṣe irú ìyá tàbí bàbá tí òun jẹ́ tẹ́lẹ̀ mọ́, ojú sì ń tì í. Ọmọ títọ́ ti sú u, kò rí adùn kankan níbẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ọkàn rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í jìnnà sí ọmọ: á bọ́ ọ, á wẹ̀ ẹ́, á mú un lọ sílé ìwé, ṣùgbọ́n kò ní bá a ṣeré, kò ní bi í bí ọjọ́ ṣe rí. Ibi ọmọ nìkan ni gbogbo rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀. Ẹni náà lè dé ibi iṣẹ́ kó máa rẹ́rìn-ín, kó sì ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bó ti yẹ, ìdí nìyẹn tí àwọn ará ìta kì í fi í mọ̀.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé èrò lásán ni. Nínú ìwádìí kan ní 2020, wọ́n yẹ irun orí àwọn òbí tí okun wọn ti tán wò. Wọ́n bá èròjà tí à ń pè ní cortisol níbẹ̀, èyí tí ara ń tú jáde nígbà másùnmáwo, ní nǹkan bí ìlọ́po méjì iye tó wà nínú irun àwọn òbí mìíràn. Ìtánlókun yìí náà ló ń jẹ́ kí òbí tó fẹ́ràn ọmọ rẹ̀ dénú bẹ̀rẹ̀ sí í ronú bí òun ṣe máa sá kúrò nílé, kí ó pa ọmọ tì, tàbí kí ó gbá a létí lọ́nà tí kò ronú pé òun lè ṣe rí. Oorun alẹ́ kan kò lè wò ó sàn. Ó ń fẹ́ kí nǹkan yí padà nínú bí iṣẹ́ ṣe ń lọ nínú ilé, àti ẹni tí òbí náà lè bá sọ̀rọ̀ déédéé.

Ìsoríkọ́ ni ìkẹta. Òun kì í dúró síbi ọmọ nìkan. Ó ń bá ènìyàn lọ síbi iṣẹ́, ó ń bá a jókòó sídìí oúnjẹ, ó ń gba adùn kúrò nínú ohun tó fẹ́ràn tẹ́lẹ̀. Oorun lè dá lójú rẹ̀, kó má lè sùn. Bí ìbànújẹ́ tàbí òfìfo ọkàn báyìí bá gbà ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, ọ̀rọ̀ ti kan dókítà tàbí nọ́ọ̀sì. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ẹ fetí sí èyí dáadáa. Ẹkún tí kò nídìí àti ọkàn tó ń lọ sókè sódò ní ọjọ́ bíi mélòó kan lẹ́yìn ìbímọ wọ́pọ̀ gan-an, ó sì máa ń lọ fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Èyí tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, tàbí tó ń le sí i, kì í ṣe ọ̀kan náà mọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nǹkan bí ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni àìlera ọkàn ń bá fínra, ìsoríkọ́ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ní àwọn orílẹ̀-èdè tó ń gòkè àgbà, ó sún mọ́ ìdá 20. Kì í sì í ṣe ìyá nìkan. Àkójọ ìwádìí kan tó jáde ní 2010 fi hàn pé nǹkan bí ọ̀kan nínú bàbá mẹ́wàá ló ń ní ìsoríkọ́ ní àsìkò oyún aya rẹ̀ tàbí lọ́dún àkọ́kọ́ ọmọ. Ti bàbá sábà máa ń jáde bí ìbínú, bí sísá sídìí iṣẹ́, tàbí bí ọtí, kí a tó rí ẹkún kankan.

Láti 1987 ni àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ti ní ìwé ìbéèrè kúkúrú kan tó ń jẹ́ ìwọ̀n Edinburgh, ìbéèrè mẹ́wàá péré, nípa bí ọkàn ṣe rí láàárín ọjọ́ méje tó kọjá. Kò gba ju ìṣẹ́jú bíi márùn-ún lọ. Bí ẹ bá lọ fún ìtọ́jú ọmọ, tí ẹnikẹ́ni kò bi yín ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, ẹ lè ní kí wọ́n bi yín. Ìwé náà nìkan kò lè sọ pé àìsàn wà, ṣùgbọ́n ó ń ṣí ìlẹ̀kùn ọ̀rọ̀.

Èyí tí kò ṣeé dúró dè rárá wà: bí òbí bá ń ronú láti pa ara rẹ̀ tàbí ọmọ lára, bó bá ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, bó bá gba ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ gbọ́ nípa ọmọ, tàbí tó wà lójúfò fún ọjọ́ bíi mélòó kan láìfẹ́ oorun, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ń dàrú lẹ́yìn ìbímọ. Ìdàrúdàpọ̀ ọpọlọ lẹ́yìn ìbímọ kò wọ́pọ̀, ọ̀kan sí méjì nínú ìbímọ 1,000, àmọ́ pàjáwìrì ni. Ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an ni, kì í ṣe ọ̀la. Ó ṣeé tọ́jú, àwọn tó rí ìtọ́jú ní kíá sì máa ń bọ̀ sípò.

Ìrànlọ́wọ́ mẹ́rin, èyí tó kún ilẹ̀ àti èyí tó ṣọ̀wọ́n

Ní 1981, James House, onímọ̀ nípa àwùjọ ní Amẹ́ríkà, pín ìrànlọ́wọ́ tí ènìyàn ń rí gbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn sí ọ̀nà mẹ́rin, ìpín náà sì bá ọ̀rọ̀ òbí mu títí dòní. Ti ọwọ́ wà: ẹni tó gbé ọmọ, tó fọ aṣọ, tó yáni lówó. Ti ọkàn wà: ẹni tó gbọ́ tẹni, tó sì bá ni kẹ́dùn. Ti ìmọ̀ wà: ẹni tó ṣàlàyé ohun tí a kò mọ̀. Ìkẹrin ni ti ìfinilọ́kànbalẹ̀: ẹni tó mọ iṣẹ́ náà, tó wo bí a ṣe ń ṣe é, tó sì sọ fún wa pé bó ṣe ń rí náà nìyẹn, a ò ṣìnà.

Ti ìmọ̀ ló kún ilẹ̀. Òbí kan lè rí ogún ìdáhùn nípa oorun ọmọ lórí fóònù rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, ìdajì wọn á sì máa ta ko ìdajì yòókù. Ìyá tí kò sùn kò nílò ìdáhùn kọkànlélógún. Ìmọ̀ wúlò nígbà tí àìmọ̀ bá jẹ́ ìṣòro: ibà àkọ́kọ́ ọmọ, ọmọ tí kò tètè sọ̀rọ̀, ọ̀dọ́ tó ti yí padà lójijì. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, ìdáhùn kan láti ẹnu ẹni tó kọ́ iṣẹ́ náà sàn ju ogún láti ibi tí a kò mọ̀.

Ti ọkàn ni a máa ń fojú kéré jù. Ẹni tó bá gbọ́ wa láìdá wa lóhùn, a máa ń rò pé kò ṣe nǹkan kan. Àwọn onímọ̀ Bẹ́ljíọ̀mù yẹn kó àwọn òbí tí okun wọn ti tán jọ ní ẹgbẹ́ kéékèèké, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Wọ́n kọ́ apá kan nínú wọn ní ohun tí wọ́n lè ṣe, pẹ̀lú ìdánrawò. Apá kejì kàn ń sọ̀rọ̀, ẹni tó ń darí wọn sì ń gbọ́, láìsí ẹ̀kọ́ kan pàtó. Àwọn méjèèjì ló rí ìtura, èyí tí wọ́n gbọ́ nìkan kò sì gbẹ́yìn. Mo ka èyí sí ọ̀kan nínú ohun tó ṣe pàtàkì jù tí a mọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àyè tí òbí ti lè sọ pé “ọmọ mi sú mi lánàá” láìsí ẹni tó máa là á lójú pé kò yẹ kí ìyá sọ bẹ́ẹ̀, ìtọ́jú ni.

Bí ẹ kò bá mọ èyí tí ẹ nílò, ẹ ronú kan ọjọ́ tó le jù ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Kí ni ì bá ti yí ọjọ́ náà padà? Bó bá jẹ́ ọwọ́ kejì, ẹ má lọ wá ìwé kà. Bó bá jẹ́ pé ẹ ò mọ ohun tó ń ṣe ọmọ, ẹ má jẹ́ kí àwọn ọ̀rẹ́ fi “á kọjá lọ” tù yín nínú. Ẹ lọ rí ẹni tó mọ̀.

Ibi tó wà, àti bí a ṣe ń béèrè

Inú ilé ni a ti ń bẹ̀rẹ̀, níbi tí ẹni méjì bá wà. Ní 2019, Allison Daminger, onímọ̀ nípa àwùjọ, fi hàn pé iṣẹ́ ilé ní apá kan tí a kì í fojú rí: fífojú sọ́nà fún ohun tí yóò nílò àbójútó, wíwá ọ̀nà tó ṣeé gbà, yíyan èyí tó dára, àti ṣíṣọ́ bó ṣe ń lọ. Láàárín àwọn tọkọtaya tó bá sọ̀rọ̀, aya ló sábà ń ṣe èyí tó pọ̀ jù, pàápàá ìfojúsọ́nà àti ṣíṣọ́. Ìdí nìyí tí bàbá tó sọ pé “sọ ohun tó o fẹ́ kí n ṣe” fi lè ṣe dáadáa, kí ara ìyá má sì tíì fúyẹ́. Ó ti gba ọwọ́ rẹ̀, kò tíì gba orí rẹ̀. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni kí ẹnìkan gba iṣẹ́ kan lódindi. Bí ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára bá di ti bàbá, òun ni yóò mọ ọjọ́ rẹ̀, òun ni yóò wá káàdì, òun ni yóò mú ọmọ lọ, òun náà ni yóò sì rántí èyí tó kàn. Ìyá náà gbọ́dọ̀ jọ̀wọ́ rẹ̀, kó má sì dúró lẹ́yìn rẹ̀ máa ṣàtúnṣe.

Ní ti ẹbí àti ọ̀rẹ́, ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sọ pé “bí nǹkan bá wà, pè mí,” wọ́n sì fẹ́ ràn wá lọ́wọ́ ní tòótọ́. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ti fi iṣẹ́ tuntun lé ẹni tó ti rẹ̀ lọ́wọ́: kó ronú ohun tí yóò béèrè. Ẹ ṣe é kó rọrùn fún wọn. Ẹ béèrè nǹkan kékeré tó ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin: “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ lè bá mi mú àwọn ọmọ láti ilé ìwé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun?” Ó rọrùn fún ẹlòmíràn láti gba ìyẹn, ó sì rọrùn fún un láti sọ pé kò ní lè ṣeé ṣe, láìsí ìbínú. Bí ẹnìkan bá kọ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ìkọ̀ kan kì í ṣe ìdájọ́.

Àwọn tí kò ní ẹbí nítòsí ló yẹ kí wọ́n mọ ohun tí àwọn àjèjì ti ṣe fún ara wọn. Ní 1973, ní ìlú Leicester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Margaret Harrison dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tó ń jẹ́ Home-Start. Àwọn tó mọ ọmọ títọ́ ni wọ́n ń yọ̀ǹda ara wọn, wọ́n sì ń lọ sílé ìdílé tó ní ọmọ kékeré déédéé, láti bá wọn gbé ẹrù náà. Ní abúlé Pakísítànì, Atif Rahman, onímọ̀ nípa ìlera ọkàn, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́ àwọn obìnrin òṣìṣẹ́ ìlera agbègbè, tí kì í ṣe dókítà, bí wọ́n ṣe lè bá aláboyún tó ní ìsoríkọ́ sọ̀rọ̀ nínú ilé wọn. Èsì tó jáde ní 2008 ni pé, oṣù mẹ́fà lẹ́yìn ìbímọ, ìdá 23 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ìyá tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ báyìí ni ìsoríkọ́ ṣì wà lára wọn; láàárín àwọn tí wọ́n kàn ń bẹ̀ wò láìsí ẹ̀kọ́ náà, ìdá 53 ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ ọ́ di ìwé ìlànà. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ pé òṣìṣẹ́ ìlera agbègbè tàbí ẹgbẹ́ àwọn ìyá kan wà lágbègbè yín, ẹ má rò pé nǹkan kékeré ni. Ibi tí wọ́n ti ń gba abẹ́rẹ́ ọmọ ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè. Níbẹ̀ ni wọ́n ti sábà ń mọ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀.

Bó bá jẹ́ ìwà ọmọ ni wàhálà, tó ń lu àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, tí kì í gbọ́rọ̀, ẹ̀kọ́ fún òbí wà tí a ti dán wò. Triple P, tí Matt Sanders dá sílẹ̀ ní Yunifásítì Queensland ní Ọsirélíà, jẹ́ ọ̀kan tó ti tàn ká ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Lílọ síbẹ̀ kò sọ pé ẹ kò mọ ọmọ tọ́. Fún òbí tí ọmọ rẹ̀ ní àìlera tó ń fẹ́ ìtọ́jú tọ̀sán-tòru, ohun tó ṣe pàtàkì jù ni àyè ìsinmi tó dá lójú: ẹni tó mọ ìtọ́jú ọmọ náà, tó ń wá ní àkókò kan náà déédéé. Ẹ béèrè èyí lọ́wọ́ ilé ìwòsàn tó ń tọ́jú ọmọ náà ní tààràtà, torí wọn kì í sábà sọ ọ́ bí a ò bá béèrè.

Ẹgbẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì wúlò lóru, nígbà tí kò sí ẹlòmíràn tó jí. Ọ̀nà tí mo mọ̀ láti fi dá èyí tó dára mọ̀ ni láti wo bí ọkàn yín ṣe rí nígbà tí ẹ bá gbé fóònù sílẹ̀. Bó bá fúyẹ́, ẹ dúró níbẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ńṣe lẹ ń fi ọmọ yín wé ọmọ ẹlòmíràn, ẹ jáde.

Ohun tó ń di òbí lẹ́nu

Ìtìjú ló pọ̀ jù. Òbí ń bẹ̀rù pé bí òun bá sọ òtítọ́, wọn á ní òun kò fẹ́ràn ọmọ òun. Àwọn kan tilẹ̀ ń bẹ̀rù pé wọn á gba ọmọ lọ́wọ́ àwọn. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti dókítà ni láti tọ́jú òbí kó lè wà pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, wọ́n sì ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu ọ̀pọ̀ òbí kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ wọn.

Donald Winnicott, dókítà ọmọdé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti sọ ọ́ láti ìdajì ọ̀rúndún tó kọjá pé ìyá tó ṣe dáadáa níwọ̀nba ni ọmọ nílò, kì í ṣe ìyá tí kì í ṣàṣìṣe. Edward Tronick, onímọ̀ nípa ìdàgbàsókè ọmọdé ní Amẹ́ríkà, fi ojú rí i nígbà tó yẹ fídíò àwọn ìyá àti ọmọ ọwọ́ wọn wò: àwọn ìyá tí kò sí ohun tó ń ṣe wọ́n pàápàá kì í bá ọmọ wọn ṣe déédéé ju nǹkan bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún àkókò lọ. Ní èyí tó kù, wọn á ṣì ara wọn gbọ́, wọn á sì tún un ṣe. Àtúnṣe yẹn ló ń kọ́ ọmọ pé àárín ènìyàn méjì lè dàrú kó sì tún dán. Bí ẹ bá pariwo mọ́ ọmọ, tí ẹ padà wá bẹ̀ ẹ́, ẹ̀kọ́ ni ẹ ti kọ́ ọ yẹn.

Níbi tí ẹkún ọmọ ọwọ́ bá sì ti ń mú ọwọ́ yín gbọ̀n, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ ní ẹ̀yìn rẹ̀ síbi tí kò ti lè ṣubú, ẹ jáde kúrò nínú yàrá náà fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan, kí ẹ pe ẹnìkan. Ẹkún kì í pa ọmọ. Jíjì í jìgìjìgì lè pa á, tàbí kó ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́ títí ayé.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nítòsí

Bí ẹ bá fura pé òbí kan ń rì, ẹ má bi í pé “ṣé kò sí?” torí “kò sí” náà ni yóò fi dáhùn. Ẹ bi í pé báwo ló ṣe sùn lánàá. Ẹ sọ pé, “Mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta láàárọ̀, màá mú àwọn ọmọ jáde títí di ọ̀sán.” Bí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ má yẹ ilé wò, ẹ má sì jẹ́ kó dìde láti ṣe yín lálejò. Ẹ bi bàbá náà léèrè bí òun ṣe ń ṣe, lọ́tọ̀, níbi tí ẹlòmíràn kò sí. Ọ̀pọ̀ wọn ni ẹnikẹ́ni kò tíì bi rí láti ìgbà tí wọ́n ti bímọ. Ẹ padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, nígbà tí gbogbo àwọn tó wá kí wọn kú ewu ọmọ ti lọ. Bó bá sì jẹ́ pé òbí náà sọ fún yín pé ó sàn kí òun má sí láyé, tàbí pé ọkàn òun ń sọ pé kí òun ṣe ọmọ ní jàǹbá, ẹ má bá a jiyàn, ẹ má sì fi í sílẹ̀ lóun nìkan. Ẹ wá ẹni tí yóò dúró ti àwọn ọmọ, kí ẹ sì bá a lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.